Lúdò: Bí a ṣe ń ta á, àti ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Kì í ṣe torí lúdò ni wọ́n ṣe pa òwe náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti pátákó lúdò rí yóò gbà pé ó bá eré náà mu. Ẹẹ́fà ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ láti jáde, ẹẹ́fà náà ni ó sì ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ sí ọwọ́ ọ̀tá.

Ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ìdó dé Ìfàkì, títí dé Ọ̀tùn, kò ṣòro láti rí ibi tí wọ́n ti ń ta lúdò. Bí kò bá sí lábẹ́ igi, yóò wà ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, ní ìdí ọ̀kadà, ní ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀ tàbí ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Àgbà tí ó ti oko kòkó dé lè fẹ́ràn ayò ọlọ́pọ́n jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ lúdò bí ẹni mọ owó.

Eré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ yìí náà ni ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Bí a bá sì wo ìjà náà dáadáa, kì í ṣe pé ẹnì kan rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Òfin tí oníkálukú bá ní ilé baba rẹ̀ ni kò dọ́gba. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 2011, tí ó ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé, ti kó àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ jọ sí agbègbè yìí, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù sì gbé òfin lúdò tirẹ̀ dání wá. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a tú eré náà palẹ̀: ibi tí ó ti wá, bí a ṣe ń ta á, ibi tí òfin ti yà, àti ibi tí ewu rẹ̀ wà.

IBI TÍ LÚDÒ TI WÁ

Èdè Látìnì ni a ti mú orúkọ náà, lúdò, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "mò ń ṣeré". Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ará Róòmù ni ó dá eré yìí sílẹ̀. Ilẹ̀ Íńdíà ni orírun rẹ̀ wà. Eré kan tí wọ́n ń pè ní pachisi ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, orí aṣọ tí a rán ní ìrísí àgbélébùú ni wọ́n sì ti ń ta á. Kì í ṣe dáìsì ni wọ́n ń jù. Owó ẹyọ mẹ́fà tàbí méje ni wọ́n máa ń dà sílẹ̀, wọn yóò ka iye tí ó ṣí ojú sókè, wọn yóò sì fi mọ iye ìgbésẹ̀ tí ọmọ yóò rìn. Ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni a ti mú orúkọ eré náà jáde, nítorí pé 25 ni iye tí ó ga jù lọ tí ẹni tí ó ń lo owó ẹyọ mẹ́fà lè rí.

Ọ̀rọ̀ owó ẹyọ yìí kò jìnnà sí ilé wa. Láti inú òkun Íńdíà, ní àwọn erékùṣù Maldives, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná ní ọjà. Irú owó ẹyọ bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olórìṣà ń dà sílẹ̀ bí wọ́n bá ń dá ẹẹ́rìndínlógún. Ohun tí ará Íńdíà fi ń ṣeré ni Yorùbá fi ń rajà, òun náà ni wọ́n sì fi ń wádìí ọ̀la.

Eré ààfin ni pachisi jẹ́ nígbà kan. Akbar, ọba tí ó jẹ láàrin ọdún 1556 sí 1605, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní Fatehpur Sikri, ìlú tí ó tẹ̀ dó nítòsí Agra, ojú pachisi ńlá kan wà lórí òkúta àgbàlá ààfin títí di òní. Ìtàn sọ pé àwọn ẹrúbìnrin ni ọba máa ń lò gẹ́gẹ́ bí ọmọ eré, tí wọn yóò máa rìn láti àyè kan dé èkejì bí owó ẹyọ bá ti wí.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣèjọba lé Íńdíà lórí, wọ́n kó eré náà lọ sí ìlú wọn. Ní àwọn ọdún 1890, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Alfred Collier gba ìwé àṣẹ ìjọba fún ẹ̀dà kan tí ó pè ní Royal Ludo. Wọ́n yọ owó ẹyọ kúrò, wọ́n fi dáìsì onígun mẹ́fà rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dín ìlànà rẹ̀ kù kí ọmọdé lè ta á. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní ẹ̀dà tiwọn ṣáájú ìgbà náà, Parcheesi ni wọ́n ń pè é. Ní Jámánì, Josef Friedrich Schmidt ṣe èyí tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Mensch ärgere Dich nicht, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe "ọ̀rẹ́, má ṣe bínú". Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní ọdún 1914, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní sì ni ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn. Orúkọ tí Schmidt fún eré rẹ̀ fi hàn pé ìbínú kì í ṣe ti àwọn ará ilé wa nìkan.

Ilẹ̀ wa náà wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di ọdún 1960. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lúdò ni a mọ̀ ọ́n sí, tí a kò pè é ní pachisi tàbí Parcheesi.

PÁTÁKÓ ÀTI ÀWỌN OHUN ÈLÒ

Pátákó lúdò ní igun mẹ́rin tí ó dọ́gba. Ní igun kọ̀ọ̀kan ni ilé kan wà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti búlúù. Láàrin àwọn ilé wọ̀nyí ni ọ̀nà wà ní ìrísí àgbélébùú. Apá mẹ́rin ni àgbélébùú náà ní, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà mẹ́ta tí ó ní àyè mẹ́fà mẹ́fà. Bí a bá yọ àwọn àyè aláwọ̀ tí ó wọ àárín lọ kúrò, ọ̀nà tí gbogbo ọmọ ń rìn yí pátákó ká jẹ́ àyè 52. Ọ̀nà àbáwọlé ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ àyè márùn-ún tí ó ní àwọ̀ ilé náà, ó sì parí sí àárín pátákó, níbi tí a ń pè ní ilé àbọ̀.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọmọ mẹ́rin. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń pè wọ́n ní síìdì. Ike ni wọ́n fi ń ṣe wọn. Ọ̀pọ̀ pátákó tí ó wà ní ọjà wa ni wọ́n fi igi ṣe etí rẹ̀, tí wọ́n sì fi gíláàsì bo ojú rẹ̀ kí dáìsì lè máa yí geere, kí òjò àti eruku má sì ba àwòrán rẹ̀ jẹ́.

Dáìsì ní ojú mẹ́fà, àmì tóótòòtó tí ó wà lára rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan dé orí ẹẹ́fà. Ojú méjì tí ó bá kọjú sí ara wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ méje bí a bá rò wọ́n pọ̀: oókan kọjú sí ẹẹ́fà, eéjì kọjú sí aárùn-ún, ẹẹ́ta kọjú sí ẹẹ́rin. Ẹni tí ó bá ra dáìsì titun lè fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí tí igun rẹ̀ ti jẹ, tàbí tí ó wúwo sí apá kan, kí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú ife kékeré ni ó dára kí a ti mì ín kí a tó dà á sílẹ̀, nítorí ọwọ́ lásán lè kọ́ ẹ̀tàn.

BÍ A ṢE Ń TA Á

Ènìyàn méjì sí mẹ́rin ni ó ń ta lúdò. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, olúkúlùkù yóò mú ilé kan. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ilé méjì, kí ó sì máa darí ọmọ mẹ́jọ. Wọn yóò kọ́kọ́ da dáìsì láti mọ ẹni tí yóò ṣáájú. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni eré yóò máa yí lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí.

Gbogbo ọmọ ni ó wà nínú ilé ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tí ó lè jáde àfi bí ẹni tí ó ni ín bá rí ẹẹ́fà. Bí ẹẹ́fà bá bọ́ sílẹ̀, yóò gbé ọmọ kan jáde sí àyè ìbẹ̀rẹ̀ tí ó ní àwọ̀ ilé rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọmọ náà yóò rin ìgbésẹ̀ 50 yí pátákó ká, yóò rin márùn-ún mìíràn ní ọ̀nà àbáwọlé, ìgbésẹ̀ kan ìkẹyìn yóò sì gbé e wọ ilé àbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ 56 fún ọmọ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin délé yóò rin ìgbésẹ̀ 224.

Bí a bá ń lo dáìsì kan, ẹni tí ó bá rí ẹẹ́fà yóò tún jù. Ṣùgbọ́n dáìsì méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ìdí lúdò Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá jù wọ́n lè fi iye méjèèjì rin ọmọ kan ṣoṣo, ó sì lè fi ọ̀kan rin ọmọ kan, kí ó fi èkejì rin òmíràn. Bí ó bá rí ẹẹ́fà àti ẹẹ́ta, ó lè fi ẹẹ́fà gbé ọmọ jáde, kí ó sì fi ẹẹ́ta sún un síwájú. Bí ó bá rí ẹẹ́fà méjì, ó lè gbé ọmọ méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì tún jù.

Pípa ni ó mú eré náà gbóná. Bí ọmọ ẹnì kan bá dé orí àyè tí ọmọ ẹlòmíràn wà, ó ti pa á nìyẹn. Èyí tí a pa yóò padà sí inú ilé rẹ̀, yóò sì tún máa dúró de ẹẹ́fà. Ọmọ tí ó ti rin ìgbésẹ̀ 49 lè di ẹni tí kò tíì gbéra rárá, láàrin ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá ti wọ ọ̀nà àbáwọlé tirẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè pa mọ́, nítorí pé ọmọ ilé mìíràn kò lè tẹ ibẹ̀.

Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó wọlé, iye tí ó kù gan-an ni dáìsì gbọ́dọ̀ mú wá. Bí ó bá ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ẹẹ́rin kò wúlò fún ọmọ náà. Yóò dúró síbẹ̀ títí ẹẹ́ta tàbí iye tí ó kéré sí i yóò fi dé. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wọlé ni ó jáwé olúborí.

IBI TÍ ÒFIN TI YÀ

Títí dé ibi tí a dé yìí, kò sí àríyànjiyàn púpọ̀. Àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń fa wàhálà.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó pa ọmọ. Nínú lúdò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ sínú ìwé, apànìyàn yóò dúró sí àyè tí ó ti pa, yóò sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, òfin tí ó gbilẹ̀ ni pé ọmọ tí ó bá pa ọ̀tá yóò wọ ilé àbọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ku ìgbésẹ̀ 40 fún un. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ni èyí. Níbi tí pípa ti ń gbé ènìyàn wọlé, ọ̀nà méjì ni ó dé ilé: ẹsẹ̀ àti ogun. Ọ̀pọ̀ ọ̀ta lúdò ni kì í rin ọmọ méjì yí pátákó ká nínú eré kan. Pípa ni wọ́n fi ń kó wọn wọlé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ odi. Bí ọmọ méjì tí ó jẹ́ ti ẹnì kan bá wà lórí àyè kan náà, àwọn kan gbà pé wọ́n ti di odi tí ẹnikẹ́ni kò lè pa, tí ẹlòmíràn kò sì lè fò kọjá. Àwọn mìíràn kò gba èyí. Lójú tiwọn, méjèèjì ni a lè pa pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ibi ààbò. Orí fóònù, ẹ̀dà tí ó gbajúmọ̀ jù ni Ludo King, tí ilé iṣẹ́ Gametion ní Íńdíà gbé jáde ní ọdún 2016, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé nígbà ìsémọ́lé àrùn Kòrónà ní ọdún 2020. Àyè mẹ́jọ ni wọn kì í ti í pa ọmọ níbẹ̀: àyè ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin àti mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí. Ẹni tí ó bá pa ọmọ nínú rẹ̀ yóò tún jù, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó pa kò ní wọlé. Ẹni tí ó bá sì rí ẹẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta léra yóò pàdánù ìgbà tirẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ lúdò lórí fóònù, tí ó wá jókòó ti àwọn tí ó kọ́ tiwọn lábẹ́ igi, òfin méjì tí kò bára mu ni wọ́n jọ ń ta.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ dáìsì tí ó bọ́ sílẹ̀ lórí pátákó tàbí tí ó fẹ̀gbẹ́ ti ọmọ. Ṣé a ó kà á ni, àbí a ó tún un jù? Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí a ti gbé. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ọmọ tí ó sì sún un, ṣé ó lè yí ọkàn padà?

Kò sí èyí tí a lè pè ní èké nínú àwọn òfin wọ̀nyí. Ohun tí ó jẹ́ èké ni kí ènìyàn dúró di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá bọ́ sínú ewu kí ó tó rántí òfin. Ìbéèrè márààrún yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ta lúdò dáhùn kí dáìsì àkọ́kọ́ tó kúrò nínú ife.

ỌGBỌ́N TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Àwọn tí ó ń ta ayò ọlọ́pọ́n máa ń fojú tín-ín-rín lúdò. Wọ́n ní ihò méjìlá àti ọmọ 48 ni ayò ní, kò sì sí oríire kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò ni ọ̀ta, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni òpè. Òótọ́ ni pé dáìsì kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú lúdò náà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wá a.

Bí a bá ju dáìsì méjì, ọ̀nà 36 ni wọ́n lè gbà bọ́ sílẹ̀. Nínú 36 yìí, 11 ni ẹẹ́fà ti hàn, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan. Èyí fi hàn pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí ó bá jù lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí ẹẹ́fà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìgbìyànjú ẹlẹ́ẹ̀mẹta ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan ti di ọwọ́ rẹ̀.

Ìṣirò kejì ni ó wúlò jù. Ká ní ọmọ ọ̀tá kan wà lẹ́yìn ọmọ rẹ, báwo ni ewu náà ṣe tó? Bí ó bá fi àyè kan jìnnà sí ọ, ọ̀nà 11 nínú 36 ni ó ní láti pa ọ́ nígbà tí ó bá jù lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ àyè méjì, 12, mẹ́ta, 13, mẹ́rin, 14, márùn-ún, 15. Àyè mẹ́fà ni ó burú jù: 16 nínú 36, nítorí ó lè fi ẹẹ́fà kan ṣoṣo pa ọ́, ó sì tún lè ro oókan mọ́ aárùn-ún, eéjì mọ́ ẹẹ́rin, tàbí ẹẹ́ta mọ́ ẹẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di àyè méje, ewu náà já wálẹ̀ lọ sí 6 péré. Mẹ́jọ jẹ́ 5, mẹ́sàn-án jẹ́ 4, mẹ́wàá jẹ́ 3, mọ́kànlá jẹ́ 2, méjìlá jẹ́ 1.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ lóòótọ́! Ẹni tí ó bá lè fi ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo sún ọmọ rẹ̀ láti àyè mẹ́fà sí àyè méje níwájú ọ̀tá ti ju ìdajì ewu náà nù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òpè lúdò ni ó máa ń wo iwájú nìkan, tí ó ń ka iye tí ó kù fún un láti wọlé. Ọ̀ta máa ń ka iye tí ó wà láàrin òun àti ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Kí ènìyàn má ṣe dúró sí àyè ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹlòmíràn níbi tí kò bá ti sí òfin ààbò, nítorí ẹẹ́fà kan ṣoṣo tí ó bá gbé ọmọ onílé jáde ti pa á. Kí ó má ṣe fi ọmọ kan ṣoṣo sáré, kí ó fi mẹ́ta yòókù sílé; bí wọ́n bá pa ọ̀kan náà, kò ní ohun tí yóò rìn. Níbi tí pípa bá sì ti ń gbé ọmọ wọlé, kí ó fi ọmọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn láti ṣọdẹ, kí ó má sì kánjú kó gbogbo wọn kọjá iwájú ilé àwọn ọ̀tá.

NÍGBÀ TÍ OWÓ BÁ WỌ̀ Ọ́

Lúdò tí a ń ta fún ìgbádùn àti èyí tí a fi owó sí kì í ṣe nǹkan kan náà. Òǹkàwé lè fi ìṣirò kékeré kan wò ó. Ká ní ènìyàn mẹ́rin fi ₦200, ₦200 sílẹ̀, tí ó di ₦800, tí ẹni tí ó ni pátákó sì ń yọ ₦50 nínú rẹ̀ ní ìparí eré kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn eré 16, onípátákó ti gba ₦800. Owó tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé wá fún eré kan ti kúrò lọ́wọ́ wọn pátá, bó ti wù kí wọ́n ta tó. Ẹnì kan nínú wọn lè lọ sílé tayọ̀tayọ̀ ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n bí a bá ro tàwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, òfò ni.

Èrò kan wà tí ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ sí gbèsè. Wọn yóò ní: "Ẹẹ́fà kò tíì wá láti àárọ̀, ó ti tó àkókò kí ó wá wàyí." Dáìsì kò mọ àárọ̀, kò mọ alẹ́. Bí a bá jù ú ní ìgbà mẹ́wàá tí ẹẹ́fà kò hàn, ìdá kan nínú mẹ́fà náà ni yóò tún jẹ́ fún jíjù kọkànlá. Ẹni tí ó bá fi owó ilé ìwé tàbí owó oúnjẹ kún owó tí ó fi lélẹ̀ nítorí pé ẹẹ́fà "ti jẹ ẹ́ ní gbèsè", ohun tí kò ní ìrántí ni ó ń bá ṣàdéhùn.

Òfin ìjọba náà kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ka ṣíṣí ilé tẹ́tẹ́ láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá dájọ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò ní agbára láti ṣe òfin lórí lọ́tírì àti eré oríire fún àwọn ìpínlẹ̀; ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni agbára náà wà. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ìdí pátákó rẹ̀ di ibi ìpawó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré ọmọdé.

ÀǸFÀÀNÍ RẸ̀ FÚN ỌMỌDÉ

Bí owó bá kúrò nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú lúdò. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ó ń ka àmì ojú dáìsì ń kọ́ ìṣirò láì mọ̀ pé ìṣirò ni. Bí ó bá ń ro aárùn-ún mọ́ ẹẹ́rin kí ó tó rìn, àròpọ̀ ni ó ń ṣe. Bí òbí bá sì jẹ́ kí ó fi èdè Yorùbá kà á sókè, oókan, eéjì, ẹẹ́ta, yóò mọ òǹkà àwọn baba rẹ̀, èyí tí kò rọrùn mọ́ láti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìwòyí.

Ó tún ń kọ́ ọmọ láti dúró de ìgbà tirẹ̀, láti gba àṣìṣe láìsunkún, àti láti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí wọ́n bá dá a padà sílé. Kí òbí má ṣe máa mọ̀-ọ́n-mọ̀ jẹ́ kí ọmọ borí nígbà gbogbo. Nínú eré tí dáìsì ń darí, ọmọdé lè borí baba rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣojú àánú, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó mú kí ìdílé lè jọ jókòó tì í.

Ní àkótán, ohun tí a nílò kò pọ̀: pátákó kan, ọmọ mẹ́rìndínlógún, dáìsì tí ó pé, àti àdéhùn tí gbogbo ènìyàn gbọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sọ bóyá ẹni tí ó pa yóò wọlé. Kí wọ́n sọ bóyá ọmọ méjì jẹ́ odi. Kí wọ́n sọ ibi tí ààbò wà, ohun tí wọn yóò ṣe sí dáìsì tí ó bá ṣubú tàbí tí ó fẹ̀gbẹ́ tì, àti bóyá ẹni tí ó ti sún ọmọ lè dá a padà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rántí dáadáa, kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, kí wọ́n fi sábẹ́ gíláàsì pátákó, kí ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn lè kà á kí ó tó jókòó.